Ẹ̀wù Àrán

Ní Jakande, Ilasan, níbi tí Mọ́nsúrátù ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí aládùúgbò kan tó lè búra pé òun gbọ́ ohùn rẹ̀ kọjá ìloro rí. Oníbàárà a mú ẹ̀wù wá pé ọrùn rẹ̀ fún jù, bẹ́ẹ̀ òun ló sanra lẹ́yìn tí wọ́n wọn aṣọ. Mọ́nsúrátù a gbà á, a tú u, a tún un rán. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun alára kì í pariwo. Nítorí náà, ohun tó ṣe ní Addo lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹta kọ́kọ́ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yìn náà ló wá di ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ló fà á.

Ìwé mẹ́fà ni Mọ́nsúrátù kà kí ọ̀sà tó gbé bàbá rẹ̀ lọ ní 1989. Ó di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì kó tó tún jókòó sí kíláàsì, ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan ní Ajah, lórí àga tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí eékún rẹ̀ ń gbá tábìlì lábẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò àṣejáde girama kó tó yege. Ní báyìí ó ti wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, nínú ètò àwọn tó ń kàwé láti ilé, ó sì ku ìwé ìwádìí kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ kọ kó tó gba oyè.

Kì í gbàgbé ìyà. Bí ẹ bá bi í, á sọ fún yín pé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, ni àgbàrá wọlé bá òun. Pé omi ti dé orúnkún kó tó di aago mọ́kànlá. Pé ẹ̀rọ ìránṣọ kan, aṣọ oníbàárà mẹ́tàdínlógún àti ìwé ìbí Azeezat ọmọ òun ló bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti ń fi nǹkan wé nǹkan. Rìmóòtù wà nínú ọ̀rá. Ìwé ẹ̀rí wà nínú ọ̀rá mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì. Fíríìjì dé fìlà, ẹ̀rọ ìránṣọ wọ kẹ́míìsì. Azeezat a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màmi, ẹ rọra o. Lọ́jọ́ kan ẹ ó fi ọ̀rá wé èmi náà."

Láàpútọ́ọ̀pù náà, tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni ohun tó tóbi jù tí Mọ́nsúrátù tíì rà fún ara rẹ̀ tí kì í ṣe jíjẹ, tí kì í ṣe wíwọ̀, tí kì í sì í ṣe fún ọmọ. Nígbà tí ihò tí wọ́n ń ki ṣájà sí bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú oṣù kejì, ọ̀dọ̀ Ìsmáílà ló gbé e lọ, ẹnjiníà kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Addo, ní Ajah, lẹ́bàá mọ́sálásí. Ọkùnrin bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ó sì ní òfin kan.

"Màmá, ẹ jókòó tì mí," ó ní. "N kì í tú ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹni tó ni ín."

"Ìyàwó kan ń dúró de aṣọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ọmọ mi. Mo fọkàn tán ẹ."

"Ó dáa. Màá ya fọ́tò inú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án, màá tún yà á tí mo bá parí. Ẹ ó rí i lórí Wasáàpù yín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó gba ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fọ́tò wọlé sórí fóònù rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mọ́nsúrátù ti ṣètò fóònù náà pé kó má máa ṣí fọ́tò fúnra rẹ̀, kí dátà má baà tán. Bàìbàì ni wọ́n wà níbẹ̀ bí ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì, kò sì tẹ̀ wọ́n. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì fún odindi ọ̀sán. Ó dà bíi pé ó gbàgbé ọmọ sí ilé ìwé. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, kí ohunkóhun má tilẹ̀ bà á jẹ́ mọ́, ó mú àrán aláwọ̀ wáìnì tó ṣẹ́ kù lára aṣọ ìyàwó yẹn, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó fi síìpù sí etí rẹ̀, ó rán ẹ̀wù fún láàpútọ́ọ̀pù. Ẹ̀wù náà bá a mu bí awọ ara. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibi tí a ń tẹ̀ ṣí sílẹ̀, ihò ṣájà ṣí sílẹ̀. Gbogbo ibi yòókù, àrán àti fóòmù ni. Bó bá ń tẹ ìwé rẹ̀, ẹ̀rọ kì í bọ́ ẹ̀wù.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Á tẹ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ rò ó kó tó jáde. Ẹ̀rọ á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ojú rẹ̀ á di búlúù, á kú. Mọ́nsúrátù pa á, ó tún un tàn. Ó pa fọ́tò ìgbéyàwó ẹbí rẹ́ kí àyè lè wà. Azeezat, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ní kó fi oògùn kòkòrò kọ̀ǹpútà sí i. Ó fi sí i, ó tún wá lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí kí ara lè tù ú. Orí ìrọ̀rí náà ló kú sí.

Obìnrin kan tó wá wọn aṣọ ló sọ ọ́. "Wọ́n ti yọ ráàmù ẹ̀ ni. Pátákó pẹlẹbẹ kan báyìí, òun ni ẹ̀rọ fi ń ronú. Àwọn tó ń tún un ṣe máa ń yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó ti kú dípò. Àbí ẹ ò gbé e fún ẹnikẹ́ni láìpẹ́ yìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú Mọ́nsúrátù, ó rí àga, ó jókòó.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rọ náà kú mọ́ orí kẹta ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí. Ojú ewé mẹ́rìnlá ló bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè ó gbéra. Ó bọ́ ẹ̀wù àrán sílẹ̀ lórí ibùsùn, nítorí kò fẹ́ kí ọwọ́ olè kàn án, ó ki ẹ̀rọ bọ àpò ní ìhòòhò, ó wọkọ̀ lọ sí Ajah.

Ìsmáílà gbé e sórí tábìlì, ó tan án. Kíá, ó tàn. Ó ṣí ìwé kan, ó pa á dé, ó ṣí òmíràn. Ẹ̀rọ kò lọ́ra, kò kú.

"Màmá, ẹ wò ó. Kò ṣe nǹkan kan o."

Àṣàbí, tó ń ta àpò fóònù àti ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti mọ̀ pé òun dé ọ̀dọ̀ dókítà! Bí ọmọ tèmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ara ẹ̀ á gbóná títí, àfi ká dé ọsibítù kó máa béèrè bisikíìtì."

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Mọ́nsúrátù wo ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ó dà bíi pé wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀ sí i.

"Ráàmù mi dà?" ó ní.

"Ráàmù báwo, Màmá?"

"Èyí tí o yọ."

"N kò yọ nǹkan kan. Ẹ jókòó kí n tú u níwájú yín, ẹ ó fi ojú ara yín rí i."

"Kí o tún lè yọ èyí tó kù, àbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín—"

"Ṣé fọ́tò ni mo fẹ́ fi kọ̀wé? Olè ni ẹ́! Ìsmáílà, olè! Ẹ wá wo olè o!"

Ó gbọ́ ohùn náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Igbe náà rìn títí dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń tò sí. Àwọn awakọ̀ yọjú. Oníbàárà méjì tó gbé láàpútọ́ọ̀pù tiwọn bọ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Bàbá Ọdúnjọ tó ni ṣọ́ọ̀bù, àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀, gbọ́ eléyìí ketekete. Ó dìde.

"Ìsmáílà, kí ni mo sọ nígbà tí mo gbà ẹ́ síbí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò—"

"Mo ní ẹ̀gbẹ́ ilé Ọlọ́run nìyí. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá ké olè níbí, ọjọ́ náà ló parí. Sátidé. Kó ẹrù ẹ."

Ìsmáílà pa ẹ̀rọ náà, ó fi aṣọ kékeré kan nu ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Mọ́nsúrátù. Nínú ọkọ̀ tó gbé Mọ́nsúrátù padà sí Ilasan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìbínú òun tọ́.

Ní Tọ́sìdeè, ó gbé aṣọ lọ fún Ọlákẹ́mi, oníbàárà rẹ̀ kan tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì onígéètì lọ́nà Chevron, tó sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù ní èbúté Lekki. Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù dání nínú ẹ̀wù rẹ̀, bóyá obìnrin náà á lè bá a wá ráàmù mìíràn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àǹtí Mọ́nsúrà, ta ló rán èyí?" Ọlákẹ́mi fọwọ́ pa àrán náà. "Èmi ń wọ àǹkárá, kọ̀ǹpútà ń wọ àrán!"

"Èmi náà ni, Àǹtí Kẹ́mi. Nítorí eruku ni."

Ọlákẹ́mi tan án, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Kò pẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ọlákẹ́mi gbé e lé itan, ó sì yára gbé e kúrò.

"Há! Ṣé áyọ́ọ̀nù ni? Àǹtí, ibo ló ti ń mí?"

"Ta ni?"

"Kọ̀ǹpútà yín."

Ó ṣí síìpù, ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó yí ẹ̀rọ padà. Abẹ́ rẹ̀ ní àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìlà-ìlà, òmíràn tún wà ní ẹ̀gbẹ́. "Ẹ wò ó. Fáànù wà nínú ibí yìí. Abẹ́ ló ti ń fa atẹ́gùn, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tú ooru jáde. Tí ooru bá mú un, á máa rọra ṣe kó má baà jóná. Tí kò bá lè fara dà á mọ́, á pa ara rẹ̀. Àǹtí mi, ẹ fi fóòmù dí i nímú."

Mọ́nsúrátù ní kí wọ́n dán an wò. Wọ́n gbé e sórí tábìlì onígíláàsì ní ìhòòhò. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ojú rẹ̀ di búlúù, ó kú. Mọ́nsúrátù fúnra rẹ̀ ló ń wo aago.

"Ráàmù ńkọ́?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní wọ́n yọ ráàmù rẹ̀."

"Ta ló tún un ṣe fún yín? Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́?"

Mọ́nsúrátù yọ fóònù, ó wá orúkọ Ìsmáílà, ó tẹ fọ́tò bàìbàì àkọ́kọ́. Fọ́tò náà là. Ó tẹ èkejì, òun náà là. Ọlákẹ́mi fẹ̀ wọ́n, ó ka nọ́ńbà ara pátákó pẹlẹbẹ náà nínú èyí tó yà kó tó fọwọ́ kàn án, ó kà á nínú èyí tó yà lẹ́yìn iṣẹ́, ó wá tú abẹ́ ẹ̀rọ, ó kà á níbẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni. Lábẹ́ fọ́tò kejì, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kejì:

"Màmá, mo ti bá yín gbọn eruku inú fáànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa gbé e sórí ohun tó bá rọ̀ o, ó gbọ́dọ̀ máa rí atẹ́gùn."

"Ẹ di ẹnjiníà yìí mú ṣinṣin," Ọlákẹ́mi ní. "Irú wọn ṣọ̀wọ́n."

Mọ́nsúrátù ní bẹ́ẹ̀ ni, irú wọn ṣọ̀wọ́n. Ó ká ẹ̀wù àrán sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún un ká, títí Ọlákẹ́mi fi béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀. Àwọn ará Addo kò mọ ilé rẹ̀, Ọlákẹ́mi kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Addo. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn, Ìsmáílà nìkan ni yóò gbé òkú rẹ̀ kiri.

Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrátù kì í gbàgbé ìyà. Ní 1996, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Epe, ọ̀gá rẹ̀ pè é ní olè lójú àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́jọ nítorí léèsì aláwọ̀ ewé, ọ̀pá mẹ́ta. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n rí léèsì náà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọ̀gá mú un, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní kí kálukú máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sọ nǹkan mìíràn títí Mọ́nsúrátù fi gba òmìnira. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ti kọjá, ó ṣì lè ya òdòdó ara léèsì náà fún yín lórí ìwé. Kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan òun náà yóò di ọ̀gá náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dé Addo. Ó rí Ìsmáílà láti òdìkejì títì, tó ń to ẹ̀rọ àtijọ́ sínú páálí. Ó tún rí Àṣàbí tó gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà fúnra rẹ̀, ó bá a lọ sídìí obìnrin aláta, ó sì ra ata, bẹ́ẹ̀ ata ṣì wà nílé. Nígbà tó délé, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: òun ti rí fọ́tò náà, òun ló ṣẹ̀, kó má bínú. Ó fi ránṣẹ́. Èsì kò pẹ́.

"Mo ti rí i, Màmá. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọdúnjọ kò ní Wasáàpù."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òótọ́ ni. Igbe ni òun fi ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ìka ni òun sì fẹ́ fi tún un ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Ní àárọ̀ Sátidé, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó dé. Tábìlì ti wà níta. Ìsmáílà ń wé wáyà mọ́ apá rẹ̀. Ó rí Mọ́nsúrátù, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó sì ń bá wáyà lọ.

Mọ́nsúrátù lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ọdúnjọ. "Bàbá, mo wá nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìsmáílà kò jalè."

Bàbá dẹ etí sí i. "N kò gbọ́."

Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ lọ.

"Àwa náà ò gbọ́ o!" Àṣàbí ké láti ìdí ọjà rẹ̀. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́, títí dé abẹ́ bíríìjì la gbọ́ yín!"

Mọ́nsúrátù wo Ìsmáílà bóyá á gbà á sílẹ̀. Ìsmáílà kò gbójú sókè. Obìnrin náà bá dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó yọ ẹ̀wù àrán nínú àpò, ó gbé e sókè bí ẹni tó ń polówó rẹ̀.

"Ìsmáílà kò jalè!" ó ké. Àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ yọjú, gẹ́gẹ́ bíi tọjọ́sí. "Kò yọ nǹkan kan! Èmi ni mo rán ẹ̀wù yìí fún ẹ̀rọ mi, èmi ni mo dí i nímú! Ó kìlọ̀ fún mi, n kò ka ohun tó kọ! Mo parọ́ mọ́ ọn!"

"Láàpútọ́ọ̀pù ń wọ àgbádá!" awakọ̀ kan ní, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kan Mọ́nsúrátù láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró sínú rẹ̀ títí ó fi tán.

Bàbá Ọdúnjọ na ọwọ́ gba ẹ̀wù náà. Ó fa síìpù rẹ̀, ó wo ojú rírán rẹ̀ fínnífínní.

"Ìwọ lo rán an?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ dáa. Ẹnu rẹ ni kò dáa." Ó dá ẹ̀wù padà fún un. "Ìsmáílà, kó ẹrù ẹ wọlé."

Wáyà dúró lọ́wọ́ Ìsmáílà. "Bàbá, ẹ̀yin náà kò bi mí léèrè."

Ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà bíi mẹ́rin kọjá lọ́wọ́ bàbá náà kó tó dáhùn. "Òótọ́ ni," ó ní. "N kò bi ẹ́."

Mọ́nsúrátù bá a gbé ìkangun kan tábìlì wọlé, Ìsmáílà gbé ìkangun kejì. Nígbà tí tábìlì jókòó tán, ọkùnrin náà na ọwọ́ sí àpò tí láàpútọ́ọ̀pù wà nínú rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá. Fóòmù á ti tú sínú fáànù yẹn."

"Ìsmáílà, má ṣe ìyọnu, ó—"

"Ẹ gbé e wá, Màmá. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ ó jókòó o."

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí títì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ń rí i. Bí Ìsmáílà ti ń yọ nọ́ọ̀tì kéékèèké abẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kó wọn sí i lọ́wọ́, ó sì dì wọ́n mú. Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Oníbàárà ni. Kò gbé e. Ìsmáílà fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn fáànù, òwú pupa rúsúrúsú àrán àti ègé fóòmù sì ń jáde níbẹ̀, ó ń tò wọ́n sórí bébà funfun kan níwájú Mọ́nsúrátù.

Ọkùnrin kan gbé àpò láàpútọ́ọ̀pù dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò wọlé. Ó wo ògiri, ó wo Ìsmáílà tó dorí kodò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó bi Mọ́nsúrátù, "ṣé ibí ni ti ẹnjiníà tí wọ́n ní..." Kò parí rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ Ìsmáílà.

"Ibí ni," Mọ́nsúrátù ní. "Òun nìyí. Èmi ni obìnrin tó pè é ní olè, irọ́ ni mo pa. Ẹ wọlé, ẹ jókòó tì í. Kì í tú ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹni tó ni ín."

Ọkùnrin náà wọlé, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Mọ́nsúrátù sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ìsmáílà da abẹ́ ẹ̀rọ padà sí ipò rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, Mọ́nsúrátù sì fi nọ́ọ̀tì kan sí i.